Ẹ̀rù ń bà mí: ṣé kí n dúró ni, àbí kí n máa lọ?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ọmọbìnrin aránṣọ kan ní àdúgbò wa ní Adó-Èkìtì wọlé tọ̀ mí wá, ó fa láílọ́ọ̀nù dúdú kan lọ́wọ́. Léèsì ló wà nínú rẹ̀, yáàdì 5, tí oníbàárà kan ti gbé fún un láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò tíì gé e. Ọmọ yìí ti lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ó ti gba fúrídọ̀ọ̀mù, ọ̀gá rẹ̀ sì fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé ọmọ náà mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti dá dúró, bó bá ti tẹ́ léèsì sórí tábìlì tó mú sísọ́ọ̀sì, àyà rẹ̀ á máa lù kìkìkì, ìka rẹ̀ á máa gbọ̀n, á sì ká aṣọ náà padà sínú láílọ́ọ̀nù.

"Àǹtí, bí mo bá gé e sódì ńkọ́? Owó léèsì yìí ju gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ mi lọ."

Ohun tó gbé e wá gan-an kì í ṣe léèsì. Ìmọ̀ràn ti dà á lórí rú. Wòlíì tí ìyá rẹ̀ mú un lọ bá ní ẹ̀mí ìbẹ̀rù ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan títí ẹ̀mí náà á fi jáde. Ọkùnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ ìwúrí lórí fóònù ní akin kì í bẹ̀rù, kó di ojú kó fò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní bí ara èèyàn bá kọ nǹkan, ara ti rí ohun tí ojú kò rí, kó dá léèsì padà fún olówó rẹ̀. Ó wá bi mí pé èwo ni kí òun gbà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìbéèrè yìí kò mọ sọ́dọ̀ aránṣọ nìkan. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tó fẹ́ jókòó ìdánwò JAMB, lẹ́nu olùkọ́ tó fẹ́ padà sí yunifásítì lẹ́ni ogójì ọdún, lẹ́nu ìyá oníyán tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù ńlá lẹ́bàá ọ̀nà. Ohun tí mo sọ fún ọmọ náà ni mo fẹ́ sọ níbí, mo kàn fẹ́ fẹ̀ ẹ́ lójú díẹ̀ sí i.

Kí là ń pè ní ẹ̀rù ná?

Ẹ tẹ́tí sí bí a ṣe ń sọ ọ́. A kì í ní "mo ṣe ẹ̀rù." A máa ń ní "ẹ̀rù bà mí." Ẹ̀rù ló ń ṣe iṣẹ́ nínú gbólóhùn yẹn, àwa la fara gbà á. Ó ń bà wá bí ẹyẹ ṣe ń bà sórí igi. Kò sí ẹni tó ń bi igi pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ló dá tí ẹyẹ fi bà á. Nítorí náà, kí ẹ̀rù ba èèyàn kì í ṣe ẹ̀bi, kì í sì í ṣe ìwà.

Ojo ni ìwà. Ojo ni ẹni tó fún ẹ̀rù láṣẹ, tó fi í ṣe olórí ilé. Ẹ̀rù lè ba èèyàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kó má sì jẹ́ ojo.

Àwọn ọ̀rọ̀ míì wà nítòsí rẹ̀ tí a máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀rù jẹ mọ́ ohun tó wà níwájú ẹni báyìí: ejò wà lójú ọ̀nà. Àníyàn jẹ mọ́ ohun tí kò tíì dé: bí ejò bá wà lóko lọ́la ńkọ́? Ìjáyà máa ń dé lójijì. Ìtìjú ní tirẹ̀, ojú èèyàn ló ń bẹ̀rù. Èyí tó mú aránṣọ wa, àníyàn ni, ìtìjú sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ejò kankan kò sí lórí tábìlì rẹ̀.

Ìgboyà ńkọ́? Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ náà sí, ẹni tó gbóyà ni ẹni tí àyà rẹ̀ ti gbó. Àgbàdo ń gbó, iṣu ń gbó, igi ń gbó. Kò sí èyí tó ń gbó lóòjọ́ nínú wọn, kò sì sí èyí tó gbó láìjẹ́ pé oòrùn pa á. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ kù sínú ọ̀rọ̀ yẹn: àyà kì í gbó nítorí pé ẹ̀rù kò bà á mọ́, ó ń gbó nítorí pé ó ti dúró nínú ẹ̀rù lọ́pọ̀ ìgbà.

Kí ló dé tí ara fi ń gbọ̀n?

Nínú ọpọlọ wa, lọ́ọ̀kánkán ẹ̀bátí ọ̀tún àti ti òsì, nǹkan kékeré kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní amygdala. Èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú orúkọ náà, nítorí pé ó jọ ọmọ èso álímọ́ńdì. Ẹ rántí ọmọ inú èso fúrúùtù tí a máa ń fi òkúta fọ́ ní ọgbà ilé-ìwé nígbà tí a wà lọ́mọdé. Bó ṣe rí nìyẹn. Òun ni ajá tó ń ṣọ́ ilé ara.

Ajá dára o, ṣùgbọ́n ẹ mọ ìwà ajá. Bó ṣe ń gbó olè ló ń gbó àbúrò bàbá yín tó gbé iṣu wá láti oko. Kì í dúró yẹ ojú wò. Bí nǹkan bá ti ta pútú lẹ́nu ọ̀nà, á gbó ná, kí onílé tó jáde wá wo ẹni tó dé.

Bí ajá inú wa bá ti gbó, àwọn ẹ̀yà ara méjì tó jókòó lórí kíndìnrín á tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀, adrenalin lorúkọ rẹ̀. Ọkàn á sáré, èémí á yára. Ẹ̀jẹ̀ á ṣí kúrò níbi ikùn lọ síbi iṣan ẹsẹ̀ àti apá, ìdí nìyẹn tí inú fi ń ru. Itọ́ á gbẹ lẹ́nu, àtẹ́lẹwọ́ á làágùn. Walter Cannon, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, ṣàlàyé ní 1915 pé gbogbo èyí jẹ́ ìmúra: ara ń gbára dì láti jà tàbí láti sá. Fún bàbá ńlá wa tó pàdé ẹkùn lóko, ìmúra yìí ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ṣùgbọ́n léèsì kì í ṣe ẹkùn, ara kò sì mọ̀yẹn. Agbára tó yẹ kó fi sáré gun òkè ló ń gbọ̀n sínú ìka tó mú sísọ́ọ̀sì.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ ọmọ yẹn wá ní "ara kọ̀ ọ́, fi í sílẹ̀," gbígbó ajá ló kà sí ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá onílé. Kí ọwọ́ gbọ̀n kò túmọ̀ sí pé o kò lè ṣe é. Kì í sì í ṣe àmì pé ewu wà níwájú. Gbogbo ohun tó ń sọ ni pé nǹkan yìí ṣe pàtàkì lójú rẹ.

Ṣé gbogbo ẹ̀rù ló yẹ ká lé lọ?

Ó tì o. Ìbẹ̀rù ejò ni kì í jẹ́ ká tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀.

Obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tí àwọn oníwádìí ń fi lẹ́tà S.M. dárúkọ kí wọ́n má bàa tú àṣírí rẹ̀. Àìsàn kan ti ba amygdala rẹ̀ jẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní òpin 2010, wọ́n mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ejò. Ó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé òun kórìíra ejò. Nígbà tó débẹ̀, ó gbé ejò lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú tó lé ní mẹ́ta, ó sì ń béèrè lemọ́lemọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fọwọ́ kan àwọn tó léwu. Obìnrin kan náà yìí, wọ́n ti fi ọ̀bẹ halẹ̀ mọ́ ọn rí, wọ́n ti na ìbọn sí i rí. Ajá kò sí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mi ò lè gbàdúrà irú àìlẹ́rù bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo adẹ́mu. Ẹ̀rù ọ̀pẹ ń bà á, ìdí nìyẹn tó fi ń fa igbà wò kó tó fi kọ́ ìdí. Adẹ́mu tí ẹ̀rù kò bà mọ́ ni kì í yẹ igbà wò. Àwa tí a ń gbé Èkìtì kò sì ní gbàgbé oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tí wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà, tí wọ́n sì jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé ní Ẹmùré. Ẹni tó ní òun kò ní rìnrìn-àjò lóru, ẹ má pè é lójo. Bákan náà ni ẹni tó kọ̀ láti kó owó sínú òwò tí wọ́n ní yóò di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan. Ẹ̀rù yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Báwo la ṣe wá ń mọ ìyàtọ̀? Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ara mi: bí ohun tí mò ń bẹ̀rù bá ṣẹlẹ̀, ṣé ó ṣeé tún ṣe? Ẹ̀mí tó bá lọ kò ṣeé tún ṣe. Léèsì tó bá bàjẹ́, ó ṣeé rà padà, kódà bí a bá máa san án díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Ìdánwò ṣeé tún jókòó. Wọ́n lè fi wá rẹ́rìn-ín lónìí, kí wọ́n ti gbàgbé lọ́tùn-únla. Ohun tó bá ṣeé tún ṣe, ẹ̀rù rẹ̀ kò yẹ kó dí wa lọ́nà.

Kí ló dé tó fi ń pọ̀ sí i bí a bá ń sá fún un?

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í, èmi náà sì ti ṣì í rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé-ìwé, wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú kan nítòsí. Mo jí ní aago mẹ́rin, mo lọ búláòsì mi lẹ́ẹ̀mejì, mo wọ mọ́tò. Mo dé ẹnu géètì. Mo rí àwọn tí a jọ wá, tí wọ́n gbé fáìlì mọ́ àyà, tí wọ́n ń fi èdè òyìnbó rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo sọ fún mẹ́gáàdì pé mo gbàgbé nǹkan sínú mọ́tò, mo sì yí padà.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí ni èyí: bí mo ṣe kẹ́yìn sí géètì yẹn, ìtura kan dé bá mi tó dùn bí omi tútù lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn. Àyà mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo sì rò pé ìwà ọlọ́gbọ́n ni mo hù. Ìtura yẹn ni ohun tí ẹ̀rù ń jẹ sanra. Ara ti rí i pé mo sá, ohunkóhun kò sì ṣe mí. Ó gbà pé sísá ló gbà mí. Nígbà tí ìpè kejì dé, géètì kọ́ ni ẹsẹ̀ mi ti kọ̀, garáàjì ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mi ò jáde nílé.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ohun tí wọn kò fi kún un ni pé bó bá ń sá fún ekòló, kò ní mọ̀ láé pé ekòló ni.

Ara ní àṣírí kan tí kò hàn sí ẹni tó ń sá. Adrenalin kì í dúró pẹ́. Bí a bá dúró níbi tí ẹ̀rù ti bà wá, tí a kò sá, tí a kò sì ṣe agídí, àyà á lù, á lù, á dé góńgó, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ajá kì í gbó títí ilẹ̀ á fi mọ́ bí onílé bá jókòó ti àlejò lórí àga, tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó sá kí ó tó rọlẹ̀ kò ní mọ̀ pé ó máa ń rọlẹ̀.

Báwo ni àyà ṣe ń gbó?

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Mo mọ̀ pé òwe yìí ti gbó lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n òun ni ìwádìí fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní 1924, Mary Cover Jones, obìnrin onímọ̀ ìhùwàsí kan ní Amẹ́ríkà, kọ ìròyìn nípa ọmọkùnrin kékeré kan tí ó pè ní Peter, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ẹ̀rù ehoro ń bà á. Àní ìyẹ́ àti òwú ń dẹ́rù bà á. Obìnrin náà kò bá a wí pé kó má bẹ̀rù, kò sì ju ehoro lé e lẹ́sẹ̀. Ó gbé ehoro sínú àgò, ó gbé àgò jìnnà réré, bí ẹsẹ̀ bàtà 12. Lọ́jọ́ míì, ó sún un mọ́ ọn díẹ̀. Ó tún mú àwọn ọmọ tí ehoro kì í dẹ́rù bà wá bá a ṣeré, kó máa wo bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ pa ehoro lára.

Bí ọmọ náà ṣe ń ṣe dáadáa, àìsàn gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Lọ́jọ́ tó ń bọ̀ wálé, ajá ńlá kan fò mọ́ òun àti nọ́ọ̀sì rẹ̀. Gbogbo ẹ̀rù àtijọ́ padà pátápátá. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, bí ọmọ bá ń jẹ oúnjẹ tó fẹ́ràn, wọ́n á gbé ehoro sún mọ́ ọn níwọ̀n tí kò ní ba oúnjẹ jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, Peter ń jẹ́ kí ehoro máa fi eyín họ òun níka. Joseph Wolpe, dókítà ará South Africa, sọ ọ̀nà yìí di ìtọ́jú fún àwọn àgbàlagbà nínú ìwé tó gbé jáde ní 1958, òun ni àwọn dókítà ṣì ń lò dòní, bí wọ́n tilẹ̀ ti tún un ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ọ̀rọ̀ ajá ńlá yẹn. Ẹ̀rù tó ti lọ lè padà bí nǹkan bá já èèyàn láyà. Kì í ṣe pé iṣẹ́ àná ṣòfò.

Èmi àti aránṣọ wa jókòó, a mú bébà, a kọ àtẹ̀gùn tirẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Àkọ́kọ́, kó fi ìwé ìròyìn gé irú búláòsì tí oníbàárà fẹ́, kó gé e lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, kó gé e lára ìró ìyá rẹ̀ tó ti gbó. Kó wá gé gáùn àǹkárá fún àbúrò rẹ̀ obìnrin. Kó ra yáàdì méjì léèsì olówó pọ́ọ́kú ní Ọjà Ọba, kó rán an fún ara rẹ̀, kó sì wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kó gba àǹkárá oníbàárà kan. Léèsì inú láílọ́ọ̀nù ló wà lókè pátápátá. Ó bi mí pé ìgbà wo ni kí òun fi ìpele kan sílẹ̀. Mo ní nígbà tí ó bá ti sú ọ. Bí ọwọ́ rẹ bá ń gbọ̀n lórí ìpele kan, fi sísọ́ọ̀sì lélẹ̀, dúró nídìí tábìlì, mí síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n má ká aṣọ. Bó bá rọlẹ̀, gé e. Mo tún ní kó padà lọ máa jókòó lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, kó kàn máa wo bó ṣe ń gé léèsì, bí Peter ṣe wo àwọn ọmọ yòókù.

Ọ̀nà kan náà ni fún ọmọ JAMB. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń dẹ́rù bà á, kíka ìwé títí òru kò ní wo ẹ̀rù yẹn sàn. Kó lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kó sì fi aago síwájú.

Orí mi wú: ẹ̀rù ni àbí ìwúrí?

Nǹkan kan wà nínú èdè wa tó máa ń yà mí lẹ́nu. Bí a bá ń gba ẹ̀gbẹ́ ibojì kọjá lóru tí ewé mì, a ní orí wa wú. Bí onílù bá fi oríkì baba wa kì wá lóde ìnáwó, a tún ní orí wa wú. Ara kò ṣe ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Irun dìde, àyà ń lù, ẹ̀jẹ̀ gbóná, nígbà méjèèjì. Orúkọ tí a fún un ló yàtọ̀.

Ní 2014, Alison Wood Brooks ti yunifásítì Harvard gbé ìwádìí kan jáde lórí èyí. Ó ní kí àwọn kan kọrin níwájú àlejò, kí àwọn kan sọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ fún ara wọn pé inú àwọn ń dùn, ara àwọn wà lọ́nà, ṣe dáadáa ju àwọn tó sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn tàbí tó ń fi tipá bẹ ara wọn pé kó balẹ̀. Àwọn baba wa kì í sọ fún jagunjagun pé "fara balẹ̀." Wọ́n ń kì í ni. Bí ẹ bá mọ oríkì yín, ẹ kì í fún ara yín ní kọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé. Mo ń ṣe é, mi ò sì tijú láti sọ ọ́.

Sísọ orúkọ ẹ̀rù náà ń ṣiṣẹ́. Nínú ìwádìí kan ní Los Angeles ní 2012, wọ́n kó èèyàn 88 tó ń bẹ̀rù aláǹtakùn jọ. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n sọ ọ́ jáde pé aláǹtakùn burúkú yìí ń ba àwọn lẹ́rù ni òógùn àtẹ́lẹwọ́ wọn dín kù jù nígbà tí wọ́n tún padà wá bá a lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí Èkìtì Parapọ̀ àti Ìbàdàn wà lójú ogun láti 1877 títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, ìró ìbọn ńlá tó ń bú láàárín àwọn òkè wọ̀nyí ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ, Kìrìjì. Ohun tó bá ti lórúkọ, a lè jókòó jíròrò lé e lórí.

Ẹ̀rù ayé ńkọ́?

Mo mọ ọmọ Èkìtì tó ti kọ́lé mẹ́ta sí Èkó, tí kò ní yàrá kan nílé. Bẹ́ ẹ bá bi í, á ní ilé kò gbà á, ayé le. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìkà kò sí láyé, irọ́ ni màá pa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó bá irú wọn, tí a sì tú ẹrù náà wò, ohun mẹ́ta ni a máa ń bá nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni ìjà ilẹ̀, ìyẹn ní ojútùú: ẹ wá ìwé ilẹ̀, ẹ pe mọ̀lẹ́bí jókòó, ẹ jẹ́ kí sọ̀fíyọ̀ wọn ọ́n. Èkejì ni ìnáwó tí ará ilé máa bù lé wọn lọ́rùn, ìyẹn sì ń fẹ́ kí èèyàn mọ bí a ṣe ń sọ pé "kò sí lọ́wọ́ báyìí" láìbínú. Ẹ̀kẹta ni ẹnu: kí ni wọ́n máa sọ bí ilé bá dúró sí lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì? Ẹ̀kẹta yìí ló pọ̀ jù, ìtìjú sì ni. Wọn a máa pè é ní ayé nítorí pé orúkọ yẹn wúwo ju ìtìjú lọ.

Ṣé àdúrà kò tó?

Ẹ gbàdúrà. Èmi náà ń gbà á. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú Sáàmù dáadáa: Dáfídì kò sọ pé ẹ̀rù kì í ba òun. Ó ní nígbà tí ẹ̀rù bá ń ba òun, òun á gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Àwọn Mùsùlùmí náà mọ̀ pé ẹ̀rù ba Ànábì Músá nígbà tí ọ̀pá di ejò, tí Ọlọ́run sì ní kó mú un. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi mú un. Ẹ̀rù wà níbẹ̀, ìgbàgbọ́ wà níbẹ̀, iṣẹ́ sì di ṣíṣe. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ wòlíì ọmọ yẹn ni pé ó ní kó dúró títí ẹ̀rù á fi tán. Bí adẹ́mu bá ń dúró de ọjọ́ tí ọ̀pẹ kò ní ga mọ́, kò ní mu ẹmu.

Ìgbà wo ló ń di ọ̀rọ̀ dókítà?

Bí ìpáyà bá ń dé láìnídìí, tí àyà ń fún, tí èèyàn ń rò pé òun fẹ́ kú, tó sì ń padà wá. Bí oorun bá ti sá lọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí èèyàn kò bá lè jáde nílé mọ́. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Èkìtì ní ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà, ọ̀kan ní Adó, ọ̀kan ní Ìdó. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn ọrùn kan wà tó ń mú kí ọkàn máa sáré bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ìpáyà yìí kì í ṣe wèrè. Láti 1954 ni Adéoyè Lámbò ti fi hàn ní Àrò, l'Ábẹ̀òkúta, pé èèyàn lè gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, kó sì máa gba ìtọ́jú ọkàn. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú mú yín pẹ́ nílé.

Léèsì ńkọ́?

Àtẹ̀gùn tí mo rò pé yóò gba ọ̀sẹ̀ méjì gba márùn-ún. Ó bẹ oníbàárà rẹ̀, ìyẹn gbà. Lọ́jọ́ tó fẹ́ gé e, ó ní kí n wá jókòó, mo sì lọ. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, ó wọn ọ́n, ó tún un wọ̀n. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Ó gbé sísọ́ọ̀sì lélẹ̀, ó dúró nídìí tábìlì, kò ká aṣọ. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó mú un, sísọ́ọ̀sì sì wọ inú léèsì, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Nígbà tí oníbàárà wọ̀ ọ́ wò, apá ọ̀tún fún un díẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rù ti mú ọmọ náà fi aṣọ púpọ̀ sílẹ̀ nínú ojú rírán, ó tú u, ó sì gbà á láyè lójú ẹsẹ̀.

Obìnrin yẹn tún ti gbé léèsì míì wá, aláwọ̀ ewé. Lánàá, ọmọ náà pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ń sáré.

"Àǹtí, àyà mi tún ń já o."

Mo ní, "Ṣé o ti ká a ni?"

"Rárá mà. Mo ti gé ẹ̀yìn. Iwájú ló kù."